Ibi Tí Ibòji Agbálùmọ̀ Dé

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì 2025

Purity ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo dé yàrá àwọn tíṣà ní ilé-ìwé wa ní Ìlọrà láàárọ̀, mo bá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lófìfo. Ó ti kó ife tíì rẹ̀, ó ti kó bírò pupa rẹ̀, àní ó ká tìmùtìmù tó fi ń jókòó lọ. Ọdún mẹ́fà ni a ti jọ ń jókòó síbẹ̀, tí a jọ ń pín ẹ̀wà àti búrẹ́dì jẹ nígbà ìsinmi, kò sì sọ fún mi! Ẹnu Akinolúwa tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ni mo ti gbọ́. Ó ní Purity lọ ra igi agbálùmọ̀ mẹ́ta ní Ìmíní, pé gbogbo ohun tó bá so lórí wọn lọ́dún yìí, tirẹ̀ ni, kó dùn, kó kan, kó já, kó má já.

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wọ kíláàsì tí mo ń kọ déètì sójú pátákó ni mo tó rí i pé inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì

Ọyẹ́ mú, ètè mi là. Wọ́n rí Purity nínú bàtà rọ́bà lójú ọ̀nà oko, wọ́n ní ó ń kọrin. Kí ló ń kọrin sí? Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ a máa kọrin ni?

Ọjọ́ Àìkú, 19 Jánúárì

Lẹ́yìn ìsìn, mo rí Purity tó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ẹ-kú-ọjọ́-ìsinmi. Ìkúnlẹ̀ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ìyá mi fà á dìde, wọ́n mú un lọ sábẹ́ máńgòrò, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí gbogbo èèyàn fi túká.

Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Ó fẹ́ kí n fojú bá òun wo àwọn igi yẹn ni."

"Ẹ wá dá a lóhùn?"

"Ọmọ èèyàn bẹ̀ mí, kí n ní kí ni?"

Gbogbo Fìdítì ló mọ̀ pé bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ agbálùmọ̀, ìyá mi ni. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti tà á títí orúnkún wọn fi kọ̀ fún wọn. Owó rẹ̀ ni mo fi kàwé. Àmọ́ ní kékeré, bí mo bá fọwọ́ kan agbọ̀n yẹn pẹ́nrẹ́n, wọn á gbá ọwọ́ mi dànù: "Lọ mú ìwé ẹ!" Mi ò bá wọn dé abẹ́ igi kan rí. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ni Purity wọ̀ lónìí, ó sì ti gba ohun tí wọn ò fún èmi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

Bí ìmọ́tótó àyíká òpin oṣù ṣe parí, mo gbé oògùn orúnkún lọ fún ìyá mi. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò wọn ní, "Wọ́n ti bá ọmọ wọn kejì lọ sí Ìmíní." Ọmọ wọn kejì! Èmi nìkan ni wọ́n bí.

Mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn. Mo rí wọn láti ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá mi jókòó lórí òkúta, wọ́n na ọ̀pá sókè, wọ́n ń fi nǹkan han Purity láàárín ewé. Purity gbé àgbọ̀n sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ọmọ jẹ́léósinmi. Ó sọ nǹkan kan, ìyá mi sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi èjìká wọn. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn nílé wa.

Ọlọ́kadà ní, "Àńtí, ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ni?"

Mo ní kó máa gbé mi padà lọ. Oògùn ṣì wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Jánúárì

Màmá Olúbọ̀dé tó ni ilé-ìwé wa pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní wọ́n ti ń wò mí tipẹ́, pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì ọ̀gá. Owó oṣù máa gbé pẹ́ẹ́lí. Ọ́fíìsì tèmi, fáànù tèmi, kọ́kọ́rọ́ tèmi. Kí n ṣáà tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́ta, pé mi ò ní lọ ibì kankan. Wọ́n ní kí n lọ gbàdúrà sí i, kí n mú ìwé náà bọ̀ kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Máàṣì.

Olúwa, o rí mi: èrò tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọpẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé, kí Purity gbọ́.

Ọkọ mi, Bàbá Tọ́pẹ́, fò sókè nígbà tí mo sọ fún un. "Kí lo tún ń gbàdúrà sí? Nǹkan tó dájú nìyẹn! Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ káńsù ní Jóbẹ̀lẹ́, owó tèmi náà dájú, ọjọ́ tó máa wọlé nìkan ni ò dájú." A rẹ́rìn-ín títí Tọ́pẹ́ fi wá béèrè ohun tó ń ṣe wá.

Mo fi ìwé náà sínú Bíbélì. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì

Purity fi agbálùmọ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú ọ̀rá, nípasẹ̀ Akinolúwa. Èyí tó kọ́kọ́ já. Mo búra pé mi ò ní fẹnu kàn án. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó dùn dé eyín, Ọlọ́run ló máa bi í.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Purity ti tà tó agbọ̀n mẹ́ta ní títì. Márùn-ún ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Àwọn oníbàárà Ìbàdàn ń dúró dè é nínú mọ́tò, wọ́n ń pè é ní "Ìyàwó." Ìyàwó ta ni? Àwọn tíṣà tó ń fi í ṣẹ̀sín ní Jánúárì ti ń sọ pé ó gbójú, pé irú obìnrin báyìí ló yẹ kéèyàn jẹ́. Akinolúwa ní, "Àńtí Fúnkẹ́, ẹ̀yin ò lè ṣe é láéláé. Ẹ fẹ́ràn kí nǹkan ti wà létò."

Létò! Mo ṣí sìkíìmù mi wò. Mo mọ ohun tí màá kọ́ wọn ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ keje. Bí mo bá tọwọ́ bọ̀wé yẹn, màá mọ ohun tí màá máa ṣe ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ keje fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ọkàn mi ṣàdédé rẹ̀wẹ̀sì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Mo ti ra igi.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i pé òótọ́ ni. Igi kan ṣoṣo, ní Ìlọrà níhìn-ín, lẹ́yìn àdúgbò tó wà lápá ọ̀hún ilé-ìwé. Bàbá Àbọ̀dé ló ni ín. Igi náà ga, ó gbilẹ̀, ó so jìngbìnnì débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ̀. Mo yí ojú sókè bí mo ṣe rí Purity tó ń ṣe, mo mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan. Bàbá Àbọ̀dé ní kí n tún wò ó dáadáa. Mo ní mo ti wò ó. Wọ́n tún ní, "Ẹ rọra wò ó o, ọmọ mi." Mo rò pé owó ni wọ́n fẹ́ fi lé e, mo bá yára sanwó.

Mi ò sọ fún Bàbá Tọ́pẹ́, mi ò sì sọ fún ìyá mi. Ó di ọjọ́ tí mo bá gbé agbọ̀n tèmi kalẹ̀ níwájú wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Mo purọ́ nílé pé ìpàdé wà kí ilé-ìwé tó wọlé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo dé abẹ́ igi. A kì í gun agbálùmọ̀ lọ já. Èyí tí wọ́n bá fipá já, kíkan ló ń kan. Òun fúnra rẹ̀ ló máa já. Mo bá jókòó, mo ń retí.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, pọ̀! Ọ̀kan já sẹ́yìn mi. Mo fò dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ mi, oje rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka mi. Mo jókòó padà. Mi ò mọ ibi tí òmíràn máa já sí, mi ò mọ ìgbà, ara mi sì ń yá gágá! Pọ̀! Mo pẹ́ dé kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

Ẹ wo ohun tí mo fi ojú ara mi rà! Igi yìí dúró nínú ọgbà Bàbá Àbọ̀dé, lóòótọ́ ni. Àmọ́ ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdajì rẹ̀, ìdajì tó so jù, ti ré kọjá fẹ́ńsì, ó dà bo àgbàlá ilé kéú Ààfáà Mùhámmẹ́d. Mò ń gbọ́ pọ̀, pọ̀, pọ̀ lọ́hùn-ún, mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ. Lọ́dọ̀ tèmi, méje péré.

Òkè ni mo wò lọ́jọ́ tí mo rà á. Mi ò wolẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá Àbọ̀dé. Wọ́n ní, "Ṣé mi ò ní kí ẹ rọra wò ó?"

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Mo ti dójú ti ara mi. Mo wọ ilé kéú náà láàárọ̀ yìí, n ò kan ilẹ̀kùn, n ò kí ẹnikẹ́ni, mo ń pariwo pé kí wọ́n kó agbálùmọ̀ mi fún mi. Àwọn ọmọ fi wàláà sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ẹnu gbogbo wọn funfun fún oje.

Ààfáà Mùhámmẹ́d jáde wá, àgbàlagbà, pẹ̀lú ṣágo omi àlùwàlá lọ́wọ́. Wọn ò bínú. "Ẹ kú àárọ̀ o, tíṣà."

Wọ́n mọ̀ mí!

Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ sà. Agbálùmọ̀ tó ń já síbí, èmi ni mo ni ín. Mo ti sanwó igi."

"Ẹ sanwó igi. Ta lẹ sanwó ilẹ̀ fún?" Wọ́n tọ́ka sí ibòji tó tẹ́ sílẹ̀ láàárín àgbàlá. "Láti ọdún tí a ti wà níbí, àwọn tó ń ra igi yìí máa ń wá kí wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá bá wa jà kí a tó mọ ara wa."

Mo yíjú, mo jáde. Ní kíláàsì, mò ń kọ́ wọn ní ìwà ọmọlúàbí. Ó wà nínú sìkíìmù.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Mẹ́rin lónìí. Purity ta agbọ̀n méjì. Mo kórìíra rẹ̀. Rárá, mi ò kórìíra rẹ̀. Ká ní mo kórìíra rẹ̀ ni, ì bá sàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Mo jókòó sábẹ́ igi mi láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn. Ìyá mi! Wọ́n wọ ọ̀kadà láti Fìdítì pẹ̀lú orúnkún yẹn. Òṣìṣẹ́ káńsù kan tó rí mi níbí ló sọ fún Bàbá Tọ́pẹ́ ní Jóbẹ̀lẹ́, Bàbá Tọ́pẹ́ sì lọ rò fún wọn.

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n yí igi náà po, wọ́n wo ibi tí ibòji rẹ̀ dé, wọ́n wá mí kanlẹ̀.

"Fúnkẹ́, ta lo kí?"

"Bàbá Àbọ̀dé."

"Bàbá Àbọ̀dé nìkan? Ẹni tó bá ra igi, gbogbo ẹni tí ibòji rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa kí. Ọmọ kékeré tó ń kiri agbálùmọ̀ mọ èyí."

"Ta ló kọ́ mi?" Ohùn mi ti ga, mi ò sì lè dá a dúró. "Ẹ kọ́ Purity! Ẹ bá a dé Ìmíní, ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Èmi tí ẹ bí, ẹ gbá ọwọ́ mi kúrò nínú agbọ̀n! Kí ni mo ṣe yín?"

Mo ti ń sunkún nígbà náà, mo ń fi ọwọ́ olóje nu ojú, ojú mi sì ń lẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká lọ kí àwọn èèyàn ná."

Wọ́n rán mi lọ ra ṣúgà oníhóró páálí mẹ́ta, nítorí pé ààwẹ̀ ń bọ̀. A kan ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ fún Ààfáà, mo bẹ̀ wọ́n. Ààfáà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá mi kì í ṣe àjèjì, pé wọ́n ti ra igi yìí rí, lọ́dún tí fẹ́ńsì yìí ò tíì sí. Mi ò mọ̀! Ìyá mi ò wò mí lójú.

Àdéhùn wa rèé: èyí tó bá já kí n tó dé, tàwọn ọmọ kéú ni. Èyí tó bá já lẹ́yìn tí mo dé, tèmi ni, ìbáà jẹ́ orí wàláà ló já sí. Ẹni tó bá tètè jí ló ni ín.

Ìyá mi ò dáhùn ìbéèrè mi. Mo ṣì ń dúró.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

Agbọ̀n kan tẹ́ńtẹ́n! Mo gbé e dé Fìdítì lẹ́yìn iṣẹ́, mo gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá mi. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n là á, wọ́n tọ́ ọ wò. "Ó dùn díẹ̀." Díẹ̀! Mo rìn bí ẹni tó jẹ oyè délé.

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn ọmọ kéú ń jí sààrì. Mo dé láàárọ̀, wọ́n ti ṣa ilẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì, wọ́n ń kí mi: "Ẹ kú ìrọ́jú o, Àńtí Alágbálùmọ̀!" Wọn ò tíì lè jẹ ẹ́, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ di ìṣínu. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Ọ̀la, èmi náà á jí sààrì.

Màmá Olúbọ̀dé bi mí nípa ìwé àdéhùn. Mo ní mò ń gbàdúrà.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ àná, pẹ̀lú ìjì. Ó ṣí páànù ilé ẹlòmíràn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni igi tèmi. Láàárọ̀, mo bá a pé ilé ló yí i ká, atẹ́gùn ò rí i mú; ẹ̀ka kékeré kan ló ṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ pé ti Purity ní Ìmíní bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ já ní tútù.

Kí n kọ òótọ́ sílẹ̀ níbí, ìwé yìí ṣáà ni, kì í ṣe pẹpẹ. Inú mi dùn. Ó dùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi tí mo ti gun ọ̀kadà. Ìgbà tí mo dé Ìmíní ni adùn náà kúrò.

Ilẹ̀ tutù, ó kún fún agbálùmọ̀ àìpọ́n, ewé aláwọ̀ méjì bò wọ́n. Purity jókòó láàárín wọn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó tì í. Mo bá ń ṣa wọ́n jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa rà wọ́n.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́. O gbójú ṣá. Èmi ò lè gbójú tó ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Ta ló gbójú? Fúnkẹ́, ẹkún ni mo fi kúrò ní ilé-ìwé yẹn. Màmá Olúbọ̀dé pè mí ní Dìsẹ́ńbà, wọ́n ní ìwọ ni àwọn máa fi ṣe igbákejì ọ̀gá, pé kí n ràn ẹ́ lọ́wọ́. Mo délé, mi ò sùn. Mo rò ó pé mi ò lè jókòó tì ẹ́ kí n máa pè ẹ́ lọ́gàá. Owú ló lé mi dé abẹ́ igi, kì í ṣe ìgboyà. Orin tí wọ́n ní mò ń kọ yẹn, mò ń kọ ọ́ kí n má bàa sunkún ni."

Mo ń wò ó. Láti oṣù Jánúárì ni mo ti ń jowú obìnrin yìí, àṣé nǹkan tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń jowú.

Mo ní, "Èmi náà ra igi."

"Màmá ẹ ti sọ fún mi. Pé o ra ìdajì igi." Ó bú sẹ́rìn-ín gidi, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, a ń rẹ́rìn-ín láàárín èso tó ti bàjẹ́ títí omi fi bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Mo lọ fi òróró pa orúnkún ìyá mi. Mi ò béèrè nǹkan kan. Àwọn ló bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn.

"Purity ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó wá bá mi. Èmi kọ́ ni mo yọ ọ́ níṣẹ́. Ìwọ lẹ̀rù ẹ ń bà mí."

"Pé màá kùnà?"

"Rárá. Pé wàá fẹ́ràn rẹ̀." Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Èmi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ó jẹ orúnkún mi, ó jẹ oorun mi. Àwọn ọdún kan wà tó jẹ́ pé a ò rí jẹ, o ò lè rántí. Mo ní kí ọmọ tèmi rí ibi jókòó sí, níbi tí òjò ò ti ní pa á, tí oṣù á parí, owó á wọlé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún mi wá, abẹ́ igi ni màá tún lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbá ọwọ́ ẹ."

Mo bi wọ́n bóyá igi mi á tún so báyìí lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ta ló mọ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo kàn máa ń na ọ̀pá sókè ni, kí àwọn èèyàn lè rò pé mo mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ."

Mo wò wọ́n. Ọ̀pá tí wọ́n nà sókè ní Ìmíní! Ohun tí mo ń jowú nìyẹn!

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Máàṣì

Mo dá ìwé náà padà láìtọwọ́bọ̀. Màmá Olúbọ̀dé bọ́ awò ojú wọn. "Àńtí Fúnkẹ́, ṣé ara yín yá?"

Mo ní ó yá. Mo ní mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin oṣù, kí n jókòó ti iṣẹ́ ìyá mi. Lẹ́yìn agbálùmọ̀, máńgòrò. Lẹ́yìn máńgòrò, ọsàn. Lẹ́yìn ọsàn, mi ò mọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé mo lè sọ "mi ò mọ̀" níwájú wọn kí ilẹ̀ má lanu.

Wọ́n ní, "Ta ni kí n wá fi síbẹ̀ báyìí?"

Orúkọ Purity jáde lẹ́nu mi. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe ọkàn mi. Kí n tó lè fà á padà, wọ́n ti gbé fóònù.

Mo sọ fún Bàbá Tọ́pẹ́, ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́. Ó wá ní, "Owó ilé-ìwé Tọ́pẹ́ ńkọ́?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹni méjì ló wà nínú àìmọ̀ báyìí." Ó bínú, mo mọ̀. Àmọ́ ó béèrè ìgbà tí mo máa ń jí, kó lè bá mi wá ọlọ́kadà tó ṣeé fọkàn tán.

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì

Purity ti gbà á. Ó tọwọ́ bọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ gbàdúrà sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Éépìrì

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá, ilé kéú ò tíì wọlé, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí ṣì ń wá bá mi du ilẹ̀. Èso ti ń tán lórí igi. Iṣẹ́ tíṣà mi parí lánàá. Mo wà lábẹ́ igi láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ìró àtijọ́ àti sílípáàsì tí okùn rẹ̀ já, tí mo fi wáyà so. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ mi.

Ọ̀kadà kan dúró. Purity ni. Kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wáìnì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an ni. Bàtà dúdú tó ń dán. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rọ̀ sọ́rùn rẹ̀, ó ń dún ṣaworo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alágbálùmọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá."

Kí n má purọ́ fún ìwé mi. Owú náà tún dé! Gbígbóná janjan, bí ìgbà tó kọ́kọ́ dé. Mo wo kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo rò ó pé ọrùn mi ló yẹ kó wà. Mo rò nípa fáànù. Mo rò nípa owó oṣù, mo wo ẹsẹ̀ ara mi nínú ẹrẹ̀, mo ní, Olúwafúnkẹ́, kí lo ṣe yìí?

Purity ò sì lọ. Ó sọ pé òun ní ìpàdé, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó mú agbálùmọ̀ kan nínú agbọ̀n mi, kò jẹ ẹ́, ó kàn gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ló gbé àgbọ̀n sókè, ó ń wo àárín ewé bí ẹni tí ebi ń pa. Mo mọ ojú yẹn. Orí ọ̀kadà ní Ìmíní ni mo ti kọ́kọ́ ní in.

Ọlọ́kadà ní, "Àńtí, ẹ ò lọ mọ́ ni?"

Ojú Purity ṣì wà lókè. Pọ̀! Ọ̀kan já lẹ́yìn fẹ́ńsì, àwọn ọmọ pariwo. Mo ti dé kí ó tó já. Mo ká ìró mi, mo fi ọ̀gá sílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré.